Ogún Ọmọdé, Ogún Ọdún: Bí Ìtàn Àròsọ Àwọn Obìnrin Ọ̀rẹ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Òwe ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Irú ìtàn àròsọ kan wà tó jẹ́ pé òwe yìí gan-an ló ń bá jiyàn láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Obìnrin mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́jọ, á pàdé nígbà tí wọ́n wà léwe tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ìwé á wá máa tẹ̀ lé wọn gba inú ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ọmọ bíbí, owó, àìsàn àti ikú, títí ogún ọdún á fi di ogójì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn tó bá ṣẹ́kù ṣì ń pe ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́.

Lẹ́nu, ó rọrùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń gbé irú ìwé yìí sílẹ̀ láàbọ̀: orúkọ pọ̀ jù, ọdún ń fò síwá fò sẹ́yìn, wọn kò sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbè sẹ́yìn. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú kò tó nǹkan. Wọ́n ń wá olú ẹ̀dá-ìtàn láàárín àwọn obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bára wọn ṣe ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Òun ni wọ́n bí ní orí kìíní, òun ló ń ṣàìsàn ní àárín ìwé, òun la ò mọ̀ bóyá yóò yè é. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn á rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó dà bí àṣejù òǹkọ̀wé ló nídìí.

Èwo ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, èwo ni kò jẹ́ bẹ́ẹ̀

Àwọn tó ń tàwé sábà máa ń to irú ìwé yìí mọ́ ìwé ìfẹ́, torí pé àwòrán obìnrin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ àti àfẹ́sọ́nà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdánwò méjì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn yọ gbogbo ọkùnrin inú ìwé náà kúrò. Bí ìjà tó tóbi jù níbẹ̀ bá ṣì dúró, ìwé ọ̀rẹ́ ni. Bó bá tú ká, ìwé ìfẹ́ ni, àwọn ọ̀rẹ́ kàn ń ṣe alárinà nínú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àwọn ọkùnrin padà, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́. Bí kò bá sí ìpinnu kankan táwọn yòókù ṣe tó yí padà nítorí pé ẹni yẹn kò sí, a jẹ́ pé kò sí nínú ẹgbẹ́ látilẹ̀. Ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò sí lára wọn, bó ti wù káwọn yẹn fẹ́ràn ara wọn tó. Ẹ̀jẹ̀ ló so wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè kọ̀wé fi ipò àbúrò sílẹ̀ bí ẹni fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀ lè jí lọ́la kó má pe ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sí ẹbí tí yóò jókòó lé e lórí. Nítorí pé ilẹ̀kùn àtilọ ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni dídúró fi tó ohun tí à ń kọ ìwé lé lórí.

Ti ẹni méjì ńkọ́? Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì pọ̀, ó sì lè jinlẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni méjì máa ń ṣe bíi dígí fún ara wọn: ọ̀kan lọ, ọ̀kan dúró, ọ̀kan láyà, ọ̀kan ń ṣọ́ra. Ẹni mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tí wọ́n bá di mẹ́ta ni méjì tó lè jókòó máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kúrò nínú ìwé àwọn ọ̀rẹ́, ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìṣirò tó wà nídìí mẹ́rin

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́? Ìṣirò ni. Obìnrin mẹ́rin kì í ṣe àjọṣe mẹ́rin, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Méjì-méjì la fi ń kà á. Ẹni 3 ní àjọṣe 3 láàárín ara wọn. Ẹni 4 ní 6. Ẹni 5 ní 10. Ẹni 6 ní 15. Ẹni 8 ní 28. Ká ní ìwé kan ní ojú ewé 350: àjọṣe 6 lè rí bí ojú ewé 58 lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè sì wà láti jẹ́ kí àwọn méjì bára wọn rìn, kí wọ́n jà, kí wọ́n parí ìjà. Tó bá di 10, ó kù 35. Tó bá di 15, ojú ewé 23 péré ló kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sọ ohun tó yẹ kó jẹ́ ká fojú rí.

Mary McCarthy fi mẹ́jọ ṣe tirẹ̀ nínú The Group, tó jáde ní 1963: obìnrin mẹ́jọ tó parí ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar, ní Amẹ́ríkà, ní 1933. Kò tilẹ̀ gbìyànjú àtikó àjọṣe 28 náà pọ̀. Ẹnì kan ló máa ń tẹ̀ lé fún ìgbà díẹ̀, kó tó yí sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìgbéyàwó Kay, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà, ló fi bẹ̀rẹ̀, ìsìnkú Kay yìí náà ní 1940 ló sì fi parí. Àpéjọ méjì yẹn ló fi di ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni di ẹrù. Ẹni tó bá ń kà á tó sì ń retí pé kí wọ́n máa jókòó pọ̀ ní gbogbo orí yóò rò pé ìwé náà tú, kò sì tú.

Fún òǹkàwé, ìmọ̀ràn tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé kí ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú gbogbo àjọṣe náà. Ẹ wá méjì péré: àwọn méjì tó sún mọ́ra jù, àti àwọn méjì tí òǹkọ̀wé kì í jẹ́ kó ku àwọn nìkan. Nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí, àwọn méjì kan wà tó jẹ́ pé báwọn yòókù bá jáde nínú yàrá, wọn ò ní rí nǹkan bára wọn sọ. Olúkúlùkù á máa wo fóònù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé bá ti àwọn méjì yẹn mọ́nú ọkọ̀ kan náà fún wákàtí mẹ́ta, ẹ jókòó dáadáa, nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ta ló ń sọ ọ́?

Ibí ni ojú ti ń dà rú jù.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń sọ gbogbo rẹ̀ ní "èmi", ìyẹn asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó bá gba ìtàn ẹgbẹ́ sọ sábà máa ń jẹ́ ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè jù, àwíjàre ló sì ń ṣe láìsọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibi tó bá ti sáré kọjá. Bó bá ní "ọdún yẹn kò dára, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀", ẹ sàmì síbẹ̀. Ó ń padà bọ̀ wá bá a. Mariama Bâ lo "èmi" lọ́nà mìíràn nínú Une si longue lettre, ìwé rẹ̀ tó jáde lédè Faransé ní 1979: lẹ́tà gígùn kan ni gbogbo ìwé náà, tí opó kan ń kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré tó wà lókè òkun. Nítorí pé ọ̀rẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò lè purọ́ nípa ohun tí àwọn méjèèjì jọ rí. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ẹni tó ń sọ fún wa lásán.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa gbà á sọ fún ara wọn, orí kan fún ẹnì kan. Nínú Waiting to Exhale ti Terry McMillan, 1992, obìnrin mẹ́rin ló wà, méjì ń sọ tiwọn ní "èmi", méjì yòókù ni asọ̀tàn ń bá sọ láti ìta. Òǹkàwé tí kò bá fura á rò pé òun ti ṣi ojú ewé kan. Nínú The Joy Luck Club ti Amy Tan, 1989, ìyá mẹ́rin àti ọmọbìnrin mẹ́rin ló wà nídìí ìtàn 16, àmọ́ ohùn méje la gbọ́, kì í ṣe mẹ́jọ. Ìyá kan ti kú kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló gba àga rẹ̀ nídìí tábìlì ayò, òun náà ló sì ń sọ ìpín ìyá rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n to àwọn orí sí, kí ẹ ka iye orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá jẹ́ márùn-ún tí orúkọ sì jẹ́ mẹ́rin, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí wọn kò fi fún ẹni karùn-ún láyè sọ̀rọ̀.

Ohun tó tún máa ń rú òǹkàwé lójú nínú irú ìwé báyìí ni pé ọ̀rẹ́ méjì á sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì ní bára mu. Wọ́n á ní òǹkọ̀wé ṣàṣìṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí a ṣe fúnra wa yìí. Ní orí kẹta, ọ̀kan sọ pé:

"Mi ò jẹ́ kó bẹ̀ mí. Bí mo ṣe gbọ́ ni mo kó owó náà fún un."

Ní orí kẹsàn-án, èkejì sọ pé:

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan."

Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tó mọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀, ọjọ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti òun ni ẹnì kejì fi bẹ̀rẹ̀. Àlàfo ọjọ́ mélòó kan yẹn ni ìwé náà wà fún. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kò ní wá bá yín ṣàlàyé rẹ̀, á kàn fi ojú ewé ọgọ́rùn-ún sáàárín gbólóhùn méjèèjì, kó sì máa wò yín.

Asọ̀tàn arínúróde, tó mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn, ló rọrùn jù láti kà, kò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Ewu rẹ̀ kan ni pé ó lè mọ̀ jù: ìwé tó bá sọ èrò gbogbo ènìyàn nínú yàrá kan náà kò ní àṣírí mọ́. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni asọ̀tàn "àwa", níbi tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní irú ìyẹn, ẹ máa wá gbólóhùn tí "àwa" ti kọ́kọ́ di "àwọn". Ibẹ̀ lẹ́gbẹ́ ti fọ́, bí ìjà kò tilẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀.

Ọdún tó ń fò

Kò sí ìwé tó lè gba ogójì ọdún lódindi, nítorí náà gbogbo òǹkọ̀wé ló ń fo ọdún. Ọ̀rọ̀ wà nínú ibi tí wọ́n bá fò. Toni Morrison fi ọdún ṣe orúkọ àwọn orí Sula, 1973: ó bẹ̀rẹ̀ ní 1919, ó sì parí ní 1965. Láti 1919 títí dé 1923, ọdún kan kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fò dé 1927, ó tún ti ibẹ̀ bọ́ sí 1937: ọdún mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì fi ìlú sílẹ̀. Ní ìparí, ó fo ọdún 24 lẹ́ẹ̀kan náà, láti 1941 dé 1965, kó tó jẹ́ kí Nel, ọ̀rẹ́ tó dúró sílùú, mọ ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ òun gan-an. Kò sí orí kan tó jẹ́ ti àárín ọdún 24 yẹn, àmọ́ òǹkàwé á gbé e lérí.

Ìwé tó bá ń lọ síwájú tààrà kò nira. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé òde òní, bí ìsìnkú, tó wá ń padà sí ìgbà èwe, tó tún ń padà wá, òun ni ẹ ó mú bébà fún. Ẹ fa ilà sí i. Ẹ kọ orúkọ àwọn obìnrin sókè, ẹ kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì kọ nǹkan márùn-ún sínú àpótí kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ń gbé, ẹni tó ń bá gbé, ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ohun tó mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Mẹ́rin àkọ́kọ́ á jẹ́ kí ẹ má sọnù; ìkarùn-ún á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìjà ti ń bọ̀. Bébà kan tó fún ìwé odindi.

Bébà yìí kan náà ló ń tú àṣìṣe òǹkọ̀wé fó, àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí sì yẹ kó ṣe é kí àwọn olóòtú tó bá wọn ṣe é. Ẹni ọdún 38 tó pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 12 ti mọ̀ wọ́n fún ọdún 26. Bí ìwé bá ń pariwo "ọgbọ̀n ọdún" láti orí dé orí, ẹnì kan ti gbàgbé ìṣirò. Ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ náà ló burú jù. Wọ́n á bí ọmọ ní orí kẹrin, ọdún mẹ́sàn-án á kọjá, ọmọ á ṣì wà ní ẹ̀yìn.

Ohun tó so wọ́n pọ̀

Ibi kan náà ló kọ́kọ́ máa ń so wọ́n: ilé ẹ̀kọ́, ilé àyágbé, ibi iṣẹ́. Okùn yẹn kò gùn, ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ ló já. Bí òǹkọ̀wé kò bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kíákíá, òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló ṣì ń mú àwọn wọ̀nyí pera wọn?" Ìfẹ́ nìkan kò tó ìdáhùn. Àṣírí tí wọ́n jọ bò tó ìdáhùn. Gbèsè tí wọn kò lè san tó ìdáhùn. Ìpàdé ọdọọdún náà tó, ó sì tún jẹ́ irinṣẹ́ tó wúlò gan-an: ó ń jẹ́ kí ìwé fo ọdún kan láìṣe àlàyé, nítorí pé ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ á hàn lára ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó yí àga padà, ẹni tí kò fọwọ́ kan ọtí tó máa ń mu tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ṣe ń hàn, nínú ohun kékeré. Ẹ fi méjì yìí wéra:

"Wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ohun tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa èkejì."

"Ó ti ọwọ́ bọ báàgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìwojú rẹ̀, ó fa awò ojú yọ, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ni báàgì kò dá ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹlòmíràn sọ dúró."

Èkíní ń bẹ̀ wá pé ká gbà á gbọ́. Nínú èkejì, ìmọ̀ ibi tí awò ojú wà, àìtọrọ àyè, àti àìdúpẹ́ ti sọ iye ọdún náà. Ẹ tún kíyè sí àìdúpẹ́ yẹn. Òǹkọ̀wé lè padà wá lò ó. Bí ó bá di orí kẹjìlá tí ẹni tó ni báàgì wá dúró, tó ní "ẹ ṣeun", pẹ̀lú "ẹ", ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ láàárín wọn.

Ìjà, àti òkú

Ìjà tó ń pa irú ìwé yìí ni ìjà tí ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ìbá ti parí: ọ̀kan rí nǹkan lókèèrè, ó ṣì í túmọ̀, ó dákẹ́ fún ọdún márùn-ún. Òǹkàwé á bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìjà tó ní láárí ni èyí tí àwọn méjèèjì jàre. Ọ̀kan tọ́jú àṣírí torí pé ó ṣèlérí. Èkejì ni ẹni tí àṣírí náà ṣe léṣe. Ìwọ òǹkàwé náà kò ní mọ ẹni tí wàá dá lẹ́bi. Ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí kì í sábà jẹ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Ẹ padà sí àwọn orí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ìtìjú kékeré kan tí gbogbo wọn fi ẹ̀rín bò nígbà náà. Ìyẹn ló ń jà ní ojú ewé 240.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlàjà ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ó rọrùn jù, àìsàn ló bá òǹkọ̀wé ṣe iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe. Ẹ sì lè mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa láti òkèèrè. Òun ló níwà tútù jù, kò ní àléébù, kò ní orí tirẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń sunkún sí i léjìká. Bí ẹ bá ti rí irú ọ̀rẹ́ yẹn ní orí kejì, ẹ máa palẹ̀ aṣọ dúdú mọ́.

Ikú tó bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe yàtọ̀. Ẹ padà sí ìṣirò wa: nínú ẹgbẹ́ 4, àjọṣe 6 ló wà. Bí ẹnì kan bá kú, ó ku 3. Ènìyàn kan ṣoṣo ló lọ, ìdajì ẹgbẹ́ ló bá a lọ. Àwọn méjì tí kò ní ọ̀rọ̀ láti bára wọn sọ á wá kan ara wọn lójú, torí pé ẹni tó máa ń jókòó sáàárín wọn kò sí mọ́. Òǹkọ̀wé tó bá lóye èyí kì í sábà fi ìsìnkú parí ìwé ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀. Yóò fún wa ní orí méjì sí mẹ́ta sí i, ká rí bí àwọn mẹ́ta ṣe ń kọ́ ìjókòó lákọ̀tun.

Àléébù kan ṣì wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo wọn lọ: arẹwà, ọ̀mọ̀wé, aláwàdà, ìyá ẹgbẹ́. Ìwà kan péré fún ẹnì kan, bí aṣọ iṣẹ́. Ẹ fi bébà bo àwọn orúkọ ní ojú ewé tí gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan. Bí ẹ kò bá lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ́ ẹni mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹnì kan ti ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan. Ẹ wá bọ́ sí ti mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń lọ síwájú tààrà, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ń gbà á sọ fún ara wọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá kà tán, ẹ má tíì dá a padà sórí pẹpẹ. Ẹ tún orí kìíní rẹ̀ kà, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ: ẹ wo ẹni tó ṣílẹ̀kùn, ẹni tó sanwó, ẹni tí kò sọ nǹkan kan.